Ẹni Tó Mọ Ibòji

Oṣù Èrèlé ni. Ọyẹ́ ti lọ, eruku ló fi jogún wa,
òjò kò tíì dá ọjọ́ tí yóò dé.
Aago mẹ́wàá kò tíì lù,
páànù ti ń ta pàù, pàù, lórí ilé.
Bàbá Láoyè ní ká fẹsẹ̀ rìn,
láti iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Dùgbẹ̀
títí dé Láyípo, lórí Òkè Àrẹ.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gbé lẹ́tà kiri Ìbàdàn,
kẹ̀kẹ́ mẹ́rin ló gbó mọ́ ọn nídìí.

Mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, mo forí lásán jáde.
Òun wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn, ó di bọ́tìnnì dé ọrùn,
ó dé akẹtẹ̀ funfun,
ó rẹ áńkáṣíìfù sómi, ó wé e mọ́ ọrùn bí oníkọ́.
Mo rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé òtútù ń mú yín ni?"
"Oòrùn kì í jẹ aṣọ," ó ní. "Ara ló ń jẹ."

Ẹnu ọ̀nà la ṣì wà tó ti ń mu omi.
Òùngbẹ kò gbẹ mí, mi ò mu.
Ó ní òùngbẹ, agbowó-orí ni:
kó tó kanlẹ̀kùn rẹ, gbèsè ti pẹ́ lọ́rùn.

Bó ṣe ń ka àdírẹ́sì tẹ́lẹ̀
ló ṣe ń ka ibòji.
Ògiri yìí gba ẹni méjì títí di aago méjìlá.
Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, ọ̀sán ló ń ṣàánú èèyàn.
Ní Agbẹni ó dúró sójú oòrùn gangan,
ó ṣí akẹtẹ̀ díẹ̀, ó tún un dé.
Kí ló dé? Igi odán kan wà níbẹ̀ rí.
Wọ́n gé e nítorí wáyà iná.

Ọ̀rọ̀ àgbà sú mi. Mo yára síwájú,
mo da gbogbo omi ọwọ́ mi lé orí.
Omi náà dé èjìká,
ó gbẹ kó tó dé ìgbáròkó.

Ìgbà tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè,
òógùn dá lára mi. Mo rò pé ara ti fúyẹ́.
Ilẹ̀ ń yí. Orúkọ mi tí Bàbá ń pè
ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, bíi lẹ́tà tó ṣi ilé.

Abẹ́ àtíbàbà Múráínà ni mo ti lajú,
ọkùnrin tó ń lẹ táyà nídìí òkè.
Ó ti ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ abọ́ omi dúdú
tó fi ń wá ibi tí tíúbù ti ń jò.
"Ẹ jẹ́ ká wò ó," ó ní, "ibo ló ti lu?"
Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó tú áńkáṣíìfù ọrùn rẹ̀,
ó fi lé mi níwájú orí,
ó bó ọsàn, ó bu iyọ̀ sí i, ó ń fún un sí mi lẹ́nu
bí ẹni ń fún ọmọ lágbo.

A kò kúrò níbẹ̀ títí aago mẹ́rin fi kọjá.
Kò sẹ́ni tó sọ pé mo ṣìnà.
Múráínà lẹ táyà mẹ́ta. Mo ka gbogbo wọn.

A dé Láyípo. Bàbá ò gun àtẹ̀gùn,
ó ní orúnkún òun ti fẹ̀yìntì kó tó kan òun.
Èmi gùn ún, mo rọra ń yí, mo ń yí,
mo dúró lókè, mo wolẹ̀:
òjìji ilé ìṣọ́ náà nà gbọọrọ lórí koríko gbígbẹ,
akẹtẹ̀ funfun kan jókòó sínú rẹ̀.
Bí òjìji bá sún, akẹtẹ̀ a sún.
Mo dúró pẹ́ níbẹ̀, mo ń wò ó,
bí wọ́n ṣe jọ ń sún lọ,
láìkánjú.