Ọwọ́ Mi Ló Gbẹ́ Ẹ

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí wọ́n tó paná gbọ̀ngàn yìí.
Èmi Arvid Tveit, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin,
ọwọ́ mi ló gbẹ́ ihò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán
tó wà lẹ́bàá odò Wenoka.
Katapílà ni mo fi gbẹ́ ẹ, ọdún mọ́kàndínlógún gbáko,
òkúta wẹ́wẹ́ ń gun tipà lọ sí ìlú ńlá
bí ọmọ tí kò ní í padà wá kí baba.
Bí ẹ bá ń rìn lójú títì ibẹ̀, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́:
ẹní tí odò wa ń sùn lé ni.

A gbẹ́ ẹ, kò gbẹ.
A gbé òkúta, omi gba àyè òkúta.
Ọmọ Hendrik kan rì sínú ìkẹrin,
a ò tíì rí bàtà rẹ̀ ọ̀tún títí dòní.

Iléeṣẹ́ ti kó irin wọn lọ tán.
Wọ́n rán Ẹnjiníà Ocampo sí wa,
ọmọlúàbí ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pín kọfí.
Ó na máàpù mọ́ ògiri yàrá ìjẹun iléèwé:
a ó dí ihò, a ó gbin igi,
ọ̀nà yóò wà fún ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ jòjòló,
ẹyẹ yóò padà.
Ó dára lójú wa. Èmi náà fẹ́ ẹyẹ.

Ni Lavina Tomaskin bá dìde,
ẹni tí àwọn ìyá ìyá rẹ̀ ti ń pa ẹja sámọ́nì níbẹ̀
kí ìdílé tèmi tó mọ bí ọkọ̀ ojú omi ṣe rí.
Kò gbóhùn sókè. Ó ní:
"Ẹ da yẹ̀pẹ̀ sínú abọ́ tó kún fómi.
Omi inú abọ́ ńkọ́?
Àga ta ni yóò lọ jókòó lé?"

Ẹnjiníà wo máàpù.
Àwọ̀ búlúù inú rẹ̀ dúró sójú ìlà kan
bí ọmọdé tí wọ́n ní kó má kọjá ẹnu ọ̀nà.
Ilé mi fi ìka méjì jìnnà sí ìlà ọ̀hún.
Ó ní omi tó lè rékọjá ibẹ̀,
ẹ̀ẹ̀kan péré ni lọ́gọ́rùn-ún ọdún.

Mo ti rí méjì.
Èyí tó fi màlúù mọ́kànlá kọ́ sórí wáyà ọgbà Hendrik,
àti èyí tó dé ní Oṣù Kọkànlá tí Ragna kú:
òjò lílọ́wọ́ọ́wọ́ bọ́ sórí yìnyín òkè,
pósí ìyàwó mi sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ méjì
nítorí omi ti ṣáájú rẹ̀ wọ ibojì.
Wọ́n ní ẹni da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù.
Tèmi mù mí dé orúnkún.

Wọ́n tún ní odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn.
Wenoka ń bojú wẹ̀yìn.
Orí katapílà ni mo wà tí mo ti rí i, lára ògiri ihò kẹta:
òkúta roboto lórí òkúta roboto, ìkarawun láàárín wọn.
Ibẹ̀ ló ń sùn kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa.
Bèbè tó là á níjà pẹ̀lú ihò kìíní,
ogójì ìṣísẹ̀ ni lọ́jọ́ tí mo fiṣẹ́ sílẹ̀.
Mo wọ̀n ọ́n ní Sátidé tó kọjá.
Mọ́kànlá.

N ò ní kí ẹ má dí i.
Ihò tí a pa tì náà ń jẹ ilẹ̀ lóru.
Ẹ kàn fi ibì kan sílẹ̀ fún un, ní gúúsù, kó rẹlẹ̀,
kí odò lè nà gbalaja bó bá rẹ̀ ẹ́.
Bó bá jẹ́ ilé mi ló wà níbẹ̀,
ẹ wá wọn ilé mi.

Ẹnjiníà kọ ọ́ sílẹ̀: Tveit, ìṣísẹ̀ mọ́kànlá.
Ó fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.
Òjò ti ń ta sórí ọkọ̀ nígbà tí a jáde,
fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́,
kò tíì ṣe nǹkan kan.