Ìṣẹ́jú Mẹ́fà Mẹ́fà

Ìṣẹ́jú mẹ́fà mẹ́fà ni mo fi ń ta ọ̀rọ̀ ẹnu mi
ní Duluth, lókè ilé búrẹ́dì, létí adágún tó fẹ̀ bí òkun.
Bí o bá béèrè ọ̀rọ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀.
Bí o bá sunkún, mo kọ ọ́ sílẹ̀:
ẹkún, ìdá kan nínú mẹ́wàá wákàtí.

Wendell Kivela wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
eruku irin pupa ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀
láti èbúté tí wọ́n ti ń da òkúta irin sínú ọkọ̀.
Ó ṣí fìlà. Yìnyín orí rẹ̀ yọ́ sórí fáìlì mi.
"Lọ́ọ̀yà, ìyàwó mi fẹ́ kọ̀ mí sílẹ̀.
Ìyẹn ò le. Ó ti pẹ́ tí a ti kọ ara wa,
ìwé nìkan ló kù.
Ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo bá wá."

Linnea. Ọdún mẹ́fà àbọ̀. Eyín iwájú kan ń mì.
Ọkùnrin kan ti dìde báyìí, Brandt Sorley,
tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe lódìkejì afárá.
Ó ní òun ló ni ọmọ,
bí ẹni ń sọ̀rọ̀ agboòrùn tó gbàgbé sílé ọtí.

Wọ́n ti fi òwú nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà.
Ó bi nọ́ọ̀sì bóyá eyín òun ni wọ́n ń wá.
Èsì ti dé, ó wà nínú àpò ìwé lórí tábìlì mi,
kò wúwo tó ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé.
"Wendell, ká ṣí i?"
Ó ń wo fèrèsé.

Mo ṣàlàyé òfin fún un, bó ti yẹ:
pé ó fọwọ́ sí ìwé ìbí lọ́jọ́ tí wọ́n bí i,
pé ìfọwọ́sí yẹn kì í ṣe eré,
pé ire ọmọ ni adájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò.
Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà mọ ẹjọ́ rò.
Odile Marchetti ló ń gbẹjọ́ rò fún Brandt, ọ̀rẹ́ mi ni,
a jọ máa ń jẹun ọ̀sán;
ní Ọjọ́bọ̀, ohun tí yóò pe Wendell ni
"ọkùnrin tí ó wà nínú ilé nígbà náà."

Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ.
Kò sí kóòtù tó lè dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

"Kì í sùn bí ilẹ̀kùn bá sé pátápátá," ni Wendell wí.
"Èèpo búrẹ́dì ló máa ń kọ́kọ́ jẹ.
Bí afárá bá ń gbéra sókè, ẹ̀rù ariwo rẹ̀ máa ń bà á,
èèyàn gbọ́dọ̀ máa ka nọ́ńbà fún un títí yóò fi balẹ̀.
Ta ló máa sọ ìyẹn fún Brandt?"

Ó fa pẹ́ńsù mi yọ.
Ó dojú àpò ìwé náà délẹ̀, kò ṣí i,
ó ń kọ̀wé sẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà ńláńlá, bí ẹni ń kọ ọ́ fún ọmọ ilé ìwé:
ILẸ̀KÙN. ÈÈPO. KA NỌ́ŃBÀ.
Ó dúró. Ó fi kún un: EYÍN ÒSÌ, Ẹ MÁ FÀ Á.
Òórùn búrẹ́dì ń gba pákó ilẹ̀ wọlé.
Ọkọ̀ kan fọn fèrè lójú omi. Àwa méjèèjì ò sọ nǹkan kan.

Lálẹ́ mo ṣírò wákàtí mi.
Níwájú Ìṣẹ́gun, mo kọ òdo.
Akọ̀wé mi bi mí bóyá àṣìṣe ni.