Ilẹ̀ Ilé Ìdáná Mi ní Ìlódè

Ògiri ló ń lanu kí aláǹgbá tó wọ̀ ọ́, a ti gbọ́ ọ.
Ilẹ̀ tèmi ló lanu, èèrà ló wọlé,
wọ́n gba abẹ́ táìlì kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù,
wọ́n ń kó ṣúgà mi lọ bí ẹni ń gba owó orí.

Ọdún tí Bàbá Fadékẹ́ gba owó ìfẹ̀yìntì
ló ra táìlì yẹn ní Lágere, funfun, òdòdó búlúù létí.
Ó ní, "Ìwọ náà á gúnyán lórí ohun tó ń dán."
Mo sì gún un. Ọdún mẹ́tàdínlógún.
Odó ò mọ̀ pé òdòdó wà lábẹ́ òun.
Ọ̀kan sán, èkejì sán,
ẹ̀kẹta gé mi ní ọmọńdinrín ẹsẹ̀
lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wọlé;
n kò mọ èwo ni mò ń sunkún fún.

Fadékẹ́ pè láti Ìbàdàn: "Màámi, ẹ jẹ́ ká ra òmíràn,
ti Ṣáínà, tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn."
Mo ní rárá. Ohun tó bá ní oríkèé ni í yẹ̀.
Ẹ bá mi wá ẹni tí yóò da kọnkéré,
ẹyọ kan ṣoṣo, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àgbá omi.

Ògúnwándé dé tòun ti òòlù
àti Àríkẹ́, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, tí apá rẹ̀ le ju tọkùnrin lọ.
Gbàà! Gbàà! Òdòdó búlúù ń fò kiri bí eéṣú.
Lábẹ́ ẹ̀, sìmẹ́ǹtì. Lábẹ́ sìmẹ́ǹtì, ilẹ̀ pupa
tí ìyá ọkọ mi fi ìgbẹ́ màlúù pa,
ipa ìka rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.
Àríkẹ́ dúró. "Màmá, ṣé ká fọ́ eléyìí náà?"
Mo wò ó títí omi tí mo gbé kaná lẹ́yìnkùlé fi gbẹ.
Mo ní, ẹ dà á lé e lórí. Ẹ má fọ́ ọ.

Ó bẹ̀ mí, ó kó àfọ́kù táìlì sínú àpò sìmẹ́ǹtì,
ó ní ìyá òun á fi dí ibi tómi ń dárogún sí níwájú ilé wọn ní Mọ̀ọ̀rè.
Ọmọ Ifẹ̀ ni. Àfọ́kù kì í tán lẹ́sẹ̀ wa.

Wọ́n po iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́, sìmẹ́ǹtì,
àti ìyẹ̀fun pupa kan tó ń kun ọwọ́ bí osùn.
Nígbà tó ń le, tí kò tíì le tán,
Ògúnwándé tẹ́ ewé kòkó tútù lé e,
ó fi pákó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó ṣí i:
gbogbo iṣan ewé ló hàn, títí dé ibi tí kòkòrò jẹ.
"Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o. Ó di ọ̀la."

Ta ló sọ ìyẹn fún ẹsẹ̀?
Aago márùn-ún ìdájí lẹsẹ̀ mi ń jí, èmi ni mò ń tẹ̀lé e.
Ó ti ń lọ ro ògì fún ọkùnrin tí kò sí mọ́.
Tọ̀tún wọlẹ̀. Ó tutù.
Ó gbà mí bí ẹni tó ti ń retí mi.

Ògúnwándé ò sọ nǹkan kan. Ó po díẹ̀, ó dí i.
Ṣùgbọ́n àwọ̀ wọn ò bára mu:
láàárín ewé kòkó méjì, ó ṣú díẹ̀, ó ṣe gbọọrọ.
Fadékẹ́ ní kí wọ́n kùn ún. Mo ní, ẹ fi sílẹ̀.
Bí mo bá nulẹ̀ tán, ibẹ̀ ló máa ń gbẹ kẹ́yìn.
Mo máa ń dúró dè é kí n tó dáná.