Ilẹ̀ Dúdú

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi nu ilẹ̀ fún Orville Pruett
ní gbọ̀ngán kẹrin, ní Kalifóníà.
Ilẹ̀ dúdú, tó ń dán bí ojú odò lóru;
bí bàtà bá ti tẹ̀ ẹ́, ó dàpá.
Ọmọ awakùsà ni ọ̀gá, kì í fẹ́ rí ìdọ̀tí.
"Delbert, nù ún. A ó tún un ṣe."

Ẹ̀ẹ̀mejìdínlógójì lọ́jọ́ àtẹ̀gùn funfun yẹn.
Ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní gìgísẹ̀ Lorna Fitch,
ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun báláú.
Mo nu ẹ̀jẹ̀. Kámẹ́rà kò rí i.

Fíìmù mẹ́rìnlá.
Lẹ́yìn náà tẹlifíṣọ̀n wọlé oníkálukú,
wọ́n ní ijó ti ń náni lówó jù.
Wọ́n lu àtẹ̀gùn náà ní gbàǹjo;
onígẹdú kan láti Fresno ló gbé e lọ.

Mo bẹ̀ ẹ́ wò ní Pasadena lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ fọ́.
Ó ń fi ọ̀pá kan táìlì ilé ìdáná,
ení, èjì, ẹ̀ta,
ó dúró.
"Delbert, àpá kan wà níbẹ̀ yẹn."
Ilẹ̀ mọ́ tónítóní.
Mo kúnlẹ̀, mo nù ún.