Kọ́kọ́rọ́ Omi

Ní wíńdò kẹta, ní Sẹkitéríàtì Abéèrè,
ọmọdébìnrin tó ń jẹ gúgúrú bi mí pé,
"Màámi, kí lẹ jẹ́ sí olóògbé?"
Mo ní èmi ni mo ń se oúnjẹ tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́.
Ó ní kò sáyè fún ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù.

Àyè wà fún ìyàwó.
Àyè wà fún ọmọ, fún bàbá, fún ìyá.
Orúkọ ìyá rẹ̀ ni Làsísì kọ síbẹ̀
lọ́dún tó wọṣẹ́, kí n tó mọ̀ ọ́n.
Ìyá ti sùn ní Òkè Baálẹ̀ tipẹ́,
koríko orí sàréè rẹ̀ ga ju ọmọ mi lọ.
Òkú ni ìjọba ń dúró dè kó wá fọwọ́ síwèé.
Èmi tí mo wà láàyè, mo ti ń tò láti àárọ̀.

Ojú ló ń rójú ṣàánú;
gíláàsì wà láàárín tèmi àti tirẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún, aago mẹ́rin ìdájí,
ọkùnrin yẹn á dìde, á wá bàtà rọ́bà rẹ̀,
á gbé kọ́kọ́rọ́ irin tó gùn tó ẹsẹ̀ ènìyàn,
á lọ ṣí omi fún Alékúwodò, fún Ìgbọ̀nà, fún Òkè-Fíà.
Èmi ni mo ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́sẹ̀.
Ẹ̀yin tí ẹ pọnmi nílùú yìí,
ẹ ò mọ̀ pé ẹnìkan ti po ẹ̀kọ gbígbóná
kí omi yín tó húkọ́ nínú páìpù.

"Kí ló dé tí ẹ ò ṣègbéyàwó?"
Ọmọ náà ò fi ṣẹ̀gàn, ó kàn fẹ́ mọ̀.
Ọkọ mi àkọ́kọ́ wà ní Ìkìrun,
kò ní kí n padà, kò ní kí n máa lọ.
Làsísì ní òun á dá owó orí mi padà fún un,
òun á gbéṣu lọ bá àwọn èèyàn mi,
bí owó oṣù bá ti wọlé.
Owó oṣù di ìdajì.
Ìgbéyàwó náà di ìdajì.
A kan páànù. A san owó ilé-ìwé. A ra oògùn ìfúnpá.
Ọdọọdún la ń sọ pé ó di ẹ̀yìn Iléyá.
Àwọn àgbò tí a pa nìkan ló lè ka iye Iléyá tó ti kọjá.

Àbúrò rẹ̀ Kàmórù, tí mi ò rí lọ́dún mẹ́fà,
ti wá gbé fáànù.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́.
Ọjọ́ kẹsàn-án tó kú, ọkọ̀ ọ́fíìsì dé Ọ̀ta-Ẹfun.
Wọn ò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
"Ìyàwó Làsísì, ẹ kú àráfẹ́rakù.
Kọ́kọ́rọ́ omi dà? Ohun ìjọba ni."
Mo fà á jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo nù ún, mo kó o fún wọn.
Wọ́n ní kí n tẹ̀ka.
Níbi tí wọ́n ti bi pé ta ló dá a padà,
akọ̀wé yín ló fi bírò ara rẹ̀ kọ ọ́:
ìyàwó.

Ọmọ mi, ìwé yẹn ni kí ẹ lọ wá.

Ó ní yàrá mìíràn ni fáìlì yẹn wà.
Ó rẹ ohùn sílẹ̀: òun gbọ́ pé òfin kan ń bọ̀,
pé ẹni tó báni gbé fún ọdún mẹ́wàá, tí àdúgbò jẹ́rìí sí i,
á rí nǹkan gbà. Wọ́n ti kà á lẹ́ẹ̀kan.
Mo ní, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n kà á sókè.

Mo ṣì ń jí ní aago mẹ́rin.
Lónìí, ẹ̀rọ omi húkọ́, ó sì ṣàn.
Ẹlòmíràn ti gba kọ́kọ́rọ́.
Ìwọ tí ò ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́sẹ̀,
mi ò mọ̀ ọ́, mi ò mọ àdúgbò rẹ.
Bó bá ti dé, kó tó bọ́ bàtà,
bi í léèrè orúkọ ta ló wà nínú fọ́ọ̀mù.