Adé Nídìí Orúkọ

Lábẹ́ ilé ìtàwé àlòkù ní Hálífáàsì,
Ọ̀gbẹ́ni Ákíróìdì ń gbọn eruku sí mi lára.
"Kí lẹ ń pe irú ìtàn yìí?"
Ọmọdékùnrin kan rọ ẹṣin onírin lábà bàbá rẹ̀,
ó gùn ún dọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ bíi tèmi,
ó yìnbọn kó tó kí wọn.

Ó ní orúkọ ẹni tó ti iná mọ́nú ìgò ni wọ́n mú,
wọ́n fi "ade" ṣe ìrù fún un.
Ìrù kẹ̀? Adé!
Ẹ ti fi jọba, ẹ ò mọ̀.

Mo délé. Gbémisádé ti tú kẹ́tùlù palẹ̀,
nọ́ọ̀tì mẹ́sàn-án nínú àwo ẹ̀wà mi.
Adé tirẹ̀ ti wà lórúkọ tipẹ́.
Tíì ńkọ́?