Ọ̀gà Kékeré ní Ìlú Afẹ́fẹ́

Ọ̀gà ni wọ́n ń pè ọ́,
ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí o ti wọlé mi, ìwọ lọ̀gá.
O kò gùn tó ìka àárín mi.
Inú páálí bàtà ni wọ́n gbé ọ sí wá láti Santiago.
Mo ṣí i lórí tábìlì ìdáná, inú mi ń dùn bíi tọmọdé.
O fi ojú kan wò mí.
Ojú kejì ń wá ọ̀nà àbáyọ.
Lẹ́yìn náà o dúdú láti orí dé ìrù,
o wú, o la ẹnu gbàgà sí mi.
Mo sọ ọ́ ní Carbón, ìyẹn èédú.

Punta Arenas nìyí,
ìlú tí afẹ́fẹ́ ti ń bi àgbàlagbà ṣubú lójú títì.
Oòrùn ibí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀,
mo bá ra òòrùn mìíràn fún ọ, mo so ó mọ́ wáyà.
Mo ra igi inú ìkòkò tó wọ́n ju bàtà iṣẹ́ mi lọ.
Láràárọ̀ mo ń fọ́n omi sára ewé,
o ń lá ìrì ayédèrú náà,
o sì ń wò mí bí ẹni ń wo ajínigbé.

Òótọ́ sì ni. Ta ló bi ọ́ kó tó gbé ọ wá?

Ọwọ́ mi kọ́kọ́ ti òkè wá. Àṣìṣe.
Ohun tó bá ti òkè wá, àṣá ni;
ẹ̀jẹ̀ rẹ ló ń sọ bẹ́ẹ̀,
bí o kò tilẹ̀ rí àṣá rí láyé rẹ.
Eleuterio àbúrò mi ní, "Ermelinda, gbá a mú, kó mọ olówó rẹ̀."
Mo ní kó lọ gbá ológbò rẹ̀ mú.

Mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọ̀n rẹ.
Wákàtí kan lọ́sàn-án,
tí mo bá ti fa bọ́ọ̀sì lé awakọ̀ ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́.
N kò sọ̀rọ̀. N kò wò ọ́ tààrà.
Mo tẹ́ ọwọ́ sísàlẹ̀ ẹ̀ka bí igi tó ti kú,
ìrẹ̀ kan ń yún mi ní àtẹ́lẹwọ́.
Ọ̀sẹ̀ kìíní, ìrẹ̀ sá sábẹ́ fíríìjì.
Ó ń ké níbẹ̀ dòní.
Ọ̀sẹ̀ kejì, apá mi kú tipiri.
Wọ́n ní ẹni tó bá fara balẹ̀ á rí ìfun èèrà.
Mo ti rí ìfun èèrà, Carbón.
Ìwọ ni n kò tíì rí.

Ọjọ́ kejìlélógún: ahọ́n!
Ìrẹ̀ wà, ìrẹ̀ kò sí mọ́.
Nǹkan tútù kan tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi bí òǹtẹ̀.
Mo pariwo. O dúdú.
A tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù keje, afẹ́fẹ́ já wáyà àdúgbò.
Gílóòbù kú, yàrá tutù bí ibojì.
Mo dáná igi, mo ṣí ilé rẹ, mo tẹ́ ọwọ́.
Kì í ṣe ẹ̀kọ́ mọ́, ẹ̀bẹ̀ ni.
O gbé ẹsẹ̀ kan, o dá a padà.
O mì síwá, o mì sẹ́yìn,
ijó tí ìyá rẹ kò dúró kọ́ ọ.
Lẹ́yìn náà, èékánná wẹ́wẹ́ lára ìka mi.
O gun ọrùn ọwọ́, o gun apá,
o wọ abẹ́ irun mi, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gbóná.

Eleuterio ní ooru lo wá, kì í ṣe èmi.
Ó ṣeé ṣe.
Àwọn kan ti wá ooru wá sọ́dọ̀ mi rí,
tí wọ́n lọ nígbà tí iná dé.

Iná dé ní aago márùn-ún ìdájí.
Mo gbé èjìká sún mọ́ ẹ̀ka, mo ní, ilé rẹ rèé.
O kò mira.
Mo rọra lọ sídìí dígí, mo ká irun sókè:
o rí bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ.

Mo pẹ́ débi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.